ÒFIN TI DÉ, TA NI YÓÒ KÀ Á FÚN AFỌ́JÚ?

Àwọn àgbà ní wọ́n kígbe sí amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́. Amúkùn-ún dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe náà ti pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rìn káàkiri Trikania, ní apá gúúsù ìlú Kàdúná, yóò rí i pé kò tíì gbó.

Trikania súnmọ́ Nasarawa àti Kakuri, ní ìhà ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti kó èrò jọ láti ìgbà tí Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957. Hausa ń gbé ibẹ̀, Gbagyi ń gbé ibẹ̀, Yorùbá àti Ígbò pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà gúúsù Kàdúná kò sì gbẹ́yìn. Nínú gbogbo wọn ni a ti ń rí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ẹni tí ọmọ kékeré ń fi ọ̀pá fà nítorí pé kò ríran, àti ẹni tí ó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe níwájú akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ tí akọ̀wé kò sì mọ ohun tí ó ń wí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ nígbà tí wọ́n bá rí irú wọn ni pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Wọn a ju owó sínú àwo, wọn a sì bá tiwọn lọ. Òkè ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá wo ìsàlẹ̀, wọn yóò rí gọ́tà tí a kò fi pákó bò, wọn yóò rí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì tí kò ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà gòkè, wọn yóò sì rí ìwé ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ògiri fún ẹni tí kò ní ojú tí yóò fi kà á. Kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ó rọ ni ó dá ọkùnrin náà dúró sí ìta, àtẹ̀gùn ni. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà dúró lé.

Ọ̀WỌ̀ Ọ̀TỌ̀, Ẹ̀TỌ́ Ọ̀TỌ̀

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò bọ̀wọ̀ fún àwọn wọ̀nyí. Láyé àtijọ́, ẹni òrìṣà ni Yorùbá ń pe àfín, abuké àti arọ. Wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni wọ́n ti wá, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ni ó ń bú. Ní ilẹ̀ Hausa pẹ̀lú, àwọn afọ́jú ní olórí tiwọn tí à ń pè ní Sarkin Makafi, àwọn arọ sì ní Sarkin Guragu. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀wọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wù láti fi í fúnni. Ẹ̀tọ́ ni ohun tí ènìyàn lè dìde dúró kí ó sì béèrè fún nílé ẹjọ́.

Ohun tí ó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláàbọ̀ ara ní ìhà Kàdúná kò pamọ́. Ní ọdún 2003, Kàdúná wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àríwá tí ó dá fífún ọmọdé ní oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró, nítorí àhesọ pé oògùn náà kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ bí lọ́jọ́ iwájú. Àrùn náà tún gbérí, ó sì ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọdún 2016 ni a rí irú rẹ̀ tí ó ti wà látilẹ̀wá kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno, ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 2020 ni a sì kéde pé irú yìí ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Irú àrùn yẹn lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ti rọ lẹ́sẹ̀ kò bá a lọ. Wọ́n ti di géńdé nísinsìnyí, wọ́n sì ń wá iṣẹ́. Bákan náà ni àrùn yírùnyírùn tí ó máa ń jà ní àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti di etí ọ̀pọ̀ ọmọ. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ gé lọ́wọ́, tí òfin ọdún 2010 lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa lẹ́nu iṣẹ́ wà fún.

BÍ A TI DÉ IBI TÍ A DÉ

Ọ̀nà tí a gbà dé ibi òfin yìí jìn. Ní ọdún 1993, ìjọba ológun gbé àṣẹ kan jáde nípa àwọn aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò mú ohun kan yí padà ní ìgboro. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka ẹ̀yà, ìlú ẹni, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú, àti jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Kò dárúkọ àbùkù ara nínú wọn. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Nàìjíríà fi ọwọ́ sí i ní ọdún 2007, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011. Ní Àbújá, ìwé òfin náà wọ ilé aṣòfin, ó jáde, ó tún padà wọlé, tí àwọn aláàbọ̀ ara sì ń fi ẹsẹ̀ tí kò gbé wọn wọ́de kiri láti béèrè fún un.

Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ní ọdún 2020 ni a yan James David Lalu láti jẹ́ olórí àkọ́kọ́ fún Àjọ Àpapọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀. Ẹni tí ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀ ni Ayuba Gufwan. Òun fúnra rẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní kékeré, òun náà ni ó dá ibi ìṣe kẹ̀kẹ́ fún àwọn arọ sílẹ̀ ní ìlú Jos kí ó tó dé ipò yìí.

OHUN TÍ ÒFIN NÁÀ SỌ

Ó dára kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Èkínní, a kò gbọdọ̀ fi ojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tàbí fi ohun tí ó tọ́ sí i dù ú nítorí àbùkù ara. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san ₦1,000,000. Ẹnì kan tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san ₦100,000, tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Èkejì, ọdún márùn-ún ni òfin fi sílẹ̀ láti tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò àti ọkọ̀ èrò ṣe, kí aláàbọ̀ ara lè wọ̀ wọ́n. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024. Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ tí ó bá fi ọwọ́ sí àwòrán ilé fún gbogbo ènìyàn láìsí ọ̀nà fún aláàbọ̀ ara ti lu òfin.

Ẹ̀kẹrin, aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, a sì gbọdọ̀ fi lẹ́tà Braille àti èdè àfọwọ́sọ sí ara ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀karùn-ún, nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí márùn-ún ó kéré tán jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ẹ̀kẹfà, níbi tí èrò bá tò sí, aláàbọ̀ ara ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó tún kù: ẹni tí ó bá ń lo aláàbọ̀ ara láti ṣagbe káàkiri ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni tí ó ń kó afọ́jú lọ sí oríta ní àárọ̀, tí ó sì ń pín owó pẹ̀lú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, rántí èyí.

ÌWÉ TÍ KÒ FỌHÙN

Òfin yìí dára. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ó wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ọ́. Afọ́jú kò rí i kà. Adití tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Arọ tí ó mọ̀ ọ́n kà kò lè gun àtẹ̀gùn dé ọ́fíìsì tí ìwé náà wà. Bí a bá ṣe òfin fún ènìyàn, tí ẹni náà kò sì mọ̀ pé a ṣe é, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí pé a kò ṣe é rárá?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fi wọ ọ̀rọ̀ òfin. Kì í ṣe òní ni afọ́jú bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti kàwé fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1809, nígbà tí irinṣẹ́ baba rẹ̀ gún un lójú. Ní ọdún 1824, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó ti ṣe àwọn lẹ́tà tí a ń fi ọ̀mú ìka kà. Àmì mẹ́fà péré tí ó wú sókè lórí ìwé ni ó fi ṣe é, a sì lè tò wọ́n ní ọ̀nà 63. Ṣùgbọ́n ìwé Braille tóbi, ó sì wọ́n. Ìwé kan tí ènìyàn lè fi sí àpò lè di ìdì ńlá bí a bá fi Braille kọ ọ́.

Kọ̀ǹpútà àti fóònù ni ó wá sọ ẹrù náà di fífúyẹ́. Ètò kan wà tí a ń fi sínú wọn tí yóò máa ka gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ jáde sí etígbọ̀ọ́. JAWS wà lára àwọn tí ó ti pẹ́ jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kọjá agbára tálákà. Ní ọdún 2006, Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí kò ríran, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òmíràn tí ó pè ní NVDA. James Teh, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ṣe é fún gbogbo ayé. Títí di òní, ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè gbà á láìsan kọ́bọ̀.

Fún ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù tó. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android, TalkBack ti wà níbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Nínú iPhone, VoiceOver ni orúkọ tirẹ̀. Bí a bá tan TalkBack, afọ́jú yóò fi ìka kan kan ojú fóònù, fóònù yóò sì sọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìka náà. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí ó fẹ́, yóò kàn án ní ẹ̀ẹ̀mejì léraléra, yóò sì ṣí. Ìka méjì ni yóò fi fa ojú ewé sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò nira; ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ afọ́jú ni fóònù yìí ti wà lápò wọn fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀ pé ó lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí ilé ìfowópamọ́ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù afọ́jú, ọmọ tàbí aládùúgbò ni ó máa ń bá a kà á. Ẹni tí ó bá a kà á mọ iye owó rẹ̀. Bí kò bá bẹ̀rù Ọlọ́run, ó lè pa irọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bí afọ́jú bá fi ẹ̀rọ sétí tí fóònù sì ka iṣẹ́ náà fún òun nìkan, àṣírí rẹ̀ bò. Ìbò pẹ̀lú kò yàtọ̀. Nígbà ìdìbò gbogbogbòò ọdún 2019, àjọ INEC pèsè ìwé atọ́nà Braille kí afọ́jú lè tẹ ìka sí ẹgbẹ́ tí ó wù ú láìjẹ́ pé ẹlòmíràn mọ̀.

Síbẹ̀, ìdẹkùn kan wà. Ètò tí ń kàwé yìí, lẹ́tà ni ó mọ̀ dáadáa; fọ́tò máa ń ṣòro fún un láti kà. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ya ìwé òfin ní fọ́tò tí ó sì fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì, olójú yóò kà á, ṣùgbọ́n ní etí afọ́jú ìwé náà lè yadi. Kò ná ọ́fíìsì ní owó kankan láti fi ìwé tí a tẹ̀ gan-an síta dípò fọ́tò rẹ̀. Àtẹ̀gùn kan nìyí tí a lè wó lulẹ̀ láìlo símẹ́ńtì.

ÈDÈ WA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń kọ Yorùbá gidigidi. Olójú lè rí “oko” láìsí àmì kí ó fi ọgbọ́n orí mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń jù, tàbí oko gan-an. Ẹ̀rọ kò ní ọgbọ́n orí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá kọ fún un ni yóò kà. Ẹni tí ó bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, tàbí láìfi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ti di ojú ọ̀nà mọ́ afọ́jú, kò sì mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohùn tí a fi sínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó sì ń ka Yorùbá bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà.

Ti adití tún lágbára. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí àrùn yírùnyírùn di etí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 11, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, ó sì dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Enugu àti Kàdúná. Èdè àfọwọ́sọ tí ó kọ́ni ti Amẹ́ríkà ni. Ṣùgbọ́n àwọn adití ilẹ̀ Hausa ti ní tiwọn, tí à ń pè ní Maganar Hannu. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun ti gba ògbufọ̀, ó yẹ kí a bi í pé: ògbufọ̀ èdè wo?

Ẹ̀KỌ́ NI ÀÁDÙN Ẹ̀RỌ

Ẹ̀rọ láìsí ẹ̀kọ́ dàbí ọkọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò roko rí. Nàìjíríà kò ṣàìní ibi tí a ti ń kọ́ni. Láti ọdún 1953 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti wà ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Pacelli wà ní Surulere, Èkó, láti 1962. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́, fún àwọn olùkọ́ tí yóò máa kọ́ aláàbọ̀ ara. Kàdúná fúnra rẹ̀ ní National Eye Centre, ilé ìwòsàn ojú tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀. Ibi tí dókítà ti ń sọ fún aláìsàn pé ojú rẹ̀ kò ní là mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹlòmíràn ti dì í lọ́wọ́ mú, kí ó fi fóònù tí ń sọ̀rọ̀ hàn án, kí ó tó padà sílé lọ jókòó sínú òkùnkùn.

Òfin tún ti ṣí ọ̀nà mìíràn. Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, tí Nàìjíríà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2017, fi àyè gba àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè láti sọ ìwé di Braille tàbí ohùn fún afọ́jú láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti ọdún 2022 sì gba èyí wọlé. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kò tún yẹ kí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ọmọ afọ́jú mọ́.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ohun tí Trikania lè ṣe kò pọ̀ ju agbára Trikania lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ní gbọ̀ngàn, mọ́ṣáláṣí ní àgbàlá, ilé-ẹ̀kọ́ ní kíláàsì tí ó ṣófo ní ọjọ́ Sátidé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó mọ fóònù lò lè kọ́ afọ́jú méjì ní bí a ti ń lo TalkBack. A lè ka òfin náà sínú ẹ̀rọ ní Hausa, ní Yorùbá àti ní Gbagyi, kí a fi ohùn náà ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù. Kí a gba ọ̀dọ̀ àwọn olórí afọ́jú àti arọ kọjá, nítorí pé ẹnu wọn ni àwọn ènìyàn wọn ń gbọ́. Kí onílé fi pákó sórí gọ́tà. Kí òbí má fi ọmọ tí kò gbọ́ràn pamọ́ sí ìyẹ̀wù.

Ẹni tí a bá sì rẹ́ jẹ, kí ó má ṣe sunkún lásán. Kí ó kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó sọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Kí ó mú ẹlẹ́rìí. Àjọ Àpapọ̀ fún Àwọn Aláàbọ̀ Ara wà, National Human Rights Commission wà, Legal Aid Council sì wà fún tálákà tí kò lè gba lọ́yà. Ẹjọ́ kan ṣoṣo tí a bá rò títí dé òpin lè wó àtẹ̀gùn ju ìwàásù ọgọ́rùn-ún lọ.

Amúkùn-ún kò bẹ̀bẹ̀ kí a gba ẹrù lórí òun. Ohun tí ó wí ni pé kí a wo ìsàlẹ̀. Ọdún márùn-ún tí òfin fi wò ó ti pé, ó sì ti kọjá. Ó tó àkókò kí àwa tí ẹsẹ̀ wa gún tẹ ojú mọ́lẹ̀, kí a tún ilẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń rìn lé lórí ṣe.